Bí A Ṣe Ń Gbé Àwòrán Kọ́ Sí Ògiri Yàrá Ìjẹun Lágbègbè Omi

Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2018, ilé iṣẹ́ Bonhams ta àwòrán kan ní gbàǹjo nílùú Lọ́ńdọ̀nù, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. "Tutu" ni orúkọ àwòrán náà. Ben Enwonwu ló kùn ún ní ọdún 1974. Ojú ọmọọba Ilé-Ifẹ̀ kan, Adétutù Adémilúyì, ló yà síbẹ̀. Inú fúláàtì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rí i, àwọn tó ni ín kò sì mọ̀ pé ó níye lórí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ti wà lára ògiri ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní Nàìjíríà tipẹ́tipẹ́.

Ká ní ara ògiri yàrá ìjẹun kan ní Marine Beach, láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ni àwòrán yẹn wà, kí ni ì bá ṣẹ́ kù lára rẹ̀?

Ohun tó ń ba àwòrán jẹ́

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń ti orí omi wá, ọ̀rinrin àti iyọ̀ sì ń bá a rìn. Yàrá ìjẹun tún fi tirẹ̀ kún un: ooru ọbẹ̀, èéfín, àti òróró láti ilé ìdáná. Bébà máa ń fa ọ̀rinrin mu, á wú. Bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sún kì. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, á ká kò, á sì bu. Òróró á lẹ̀ mọ́ ojú àwòrán, eruku á lẹ̀ mọ́ òróró. Ìṣó àti wáyà tó gbé e dúró á dípẹtà, títí tí férémù á fi já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Irú iṣẹ́ ọnà tó lè fara dà á

Iṣẹ́ orí bébà, irú èyí tí Bruce Onobrakpeya ń tẹ̀, kò gbọdọ̀ wà láìní gíláàsì, gíláàsì náà kò sì gbọdọ̀ kan bébà. Páálí tín-ínrín ni kí ẹ fi sáàárín wọn. Aṣíru Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ Òṣogbo tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà, máa ń lu páànù alumíníọ̀mù nígbà ayé rẹ̀ títí àwòrán á fi yọ lójú rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá etí omi mu, nítorí alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin. Ìlẹ̀kẹ̀ tí Jimoh Buraimoh fi ń ṣe ọnà kì í fa omi mu, àmọ́ ẹ má gbàgbé pákó tó wà lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó yẹ kó wà

Ẹ sá fún ògiri tí òjò ń lù níta, èyí tó fara ti balùwẹ̀, àti èyí tó kọjú sí sítóòfù. Ibi tí oòrùn ti ń ràn wọlé tààrà máa ń pa àwọ̀ rẹ́. Ẹ fi ègé rọ́bà kéékèèké sẹ́yìn igun ìsàlẹ̀ férémù kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá.

Ní ilé àfihàn, àárín àwòrán sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 145 sí 150 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀, torí òòró ni èèyàn ń wò ó. Ìjókòó la ń jẹun, nítorí náà ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí bíi 130, kó ṣáà ti ga ju ẹ̀yìn àga lọ. Ìṣó kọnkéré ni kí ẹ lò sára ògiri búlọ́ọ̀kù, méjì fún férémù tó fẹ̀.

Bó bá jẹ́ yàrá kan ni

Ọ̀pọ̀ wa ní Ajégúnlẹ̀, yàrá kan náà ni pálọ̀, ibẹ̀ la ń jẹun, ibẹ̀ la ń sùn. Ògiri tó jìnnà jù sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń dáná ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì bi onílé kí ẹ tó kan ìṣó. Bó bá jẹ́ fọ́tò bàbá tàbí ìyá àgbà ni, tí kò sì sí òmíràn, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kọ́, kí ẹ fi ojúlówó pamọ́ síbi gbígbẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, bí ẹ bá ra iṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àṣekágbá, ẹ ní kó kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Àwọn ọmọ yín ló máa nílò rẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó wà lára ògiri wọn.