Bí ọkọ̀ olówó ńlá bá jókòó sílẹ̀ ní Ganhi, ẹ má sáré ra nǹkan

Ẹni tó bá kọjá ní Ganhi láàárọ̀, láàárín àwọn báńkì àti ọ̀nà èbúté Kutọnu, á rí àwọn ọkọ̀ ńláńlá àtijọ́ tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì: Mercedes, BMW, Audi, Jaguar. Púpọ̀ nínú wọn ti rìn títí ní Yúróòpù kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa. Owó tí a fi ń rà wọ́n ti wálẹ̀. Ọkọ̀ ti darúgbó lóòótọ́, àmọ́ owó àtúnṣe rẹ̀ kò darúgbó.

Ọ̀kan nínú wọn ni àwa náà ń gùn, Mercedes S-Class ọdún 2006. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹfà, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, a bá a níbi tí a gbé e sí, tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ lápá ọ̀tún. A ṣí i, àmì búréèkì ọwọ́, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní frein à main, ń ṣẹ́jú pupa. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí a pè kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún nídìí rẹ̀. Ó ní kí a ra ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti mọ́tò búréèkì. Iye tó dárúkọ tó ìdajì owó tí a fi ra ọkọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ Sátidé ni a ó lọ síbi ìsìnkú ní Ìdáàṣà.

A lọ bá bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Kò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ tó fi béèrè pé: "Ẹsẹ̀ wo ló kọ́kọ́ wálẹ̀? Ṣé òru ló ń wálẹ̀ ni, àbí lójú ọ̀nà? Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ bátìrì?" A kò mọ ìdáhùn kankan. Ó ní, "Ẹ má tíì ra nǹkan kan o."

Bátìrì ló kọ́kọ́ wọ̀n. Bátìrì tó yó, tí ọkọ̀ sì ti sinmi, máa ń tó volt 12.6. Tiwa jẹ́ 11.7. Ó ṣàlàyé fún wa pé irú ọkọ̀ báyìí kì í lo irin sípíríìǹgì bí ọkọ̀ yòókù. Àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ló gbé e dúró. Láti ọdún 1998 ni Mercedes ti ń fi í sí S-Class, Audi A8 tẹ̀ lé e ní 2002, Jaguar XJ ní 2003. Kọnpurẹ́sọ̀ kékeré kan, àbúrò èyí tí fọ́káńásà fi ń fẹ́ táyà, ló ń fún àwọn àpò náà ní afẹ́fẹ́. Bí àpò kan bá lu, kọnpurẹ́sọ̀ á máa ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, á jẹ iná bátìrì, òun fúnra rẹ̀ á sì jóná níkẹyìn. Bí iná bátìrì bá sì ti lọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé búréèkì ọwọ́ ti bàjẹ́. Àrùn kan ló ń bí èkejì.

Lẹ́yìn náà ló po ọṣẹ mọ́ omi, ó sì wọ́n ọn sí ara rọ́bà àti ibi tí páìpù ti so. Iwájú lọ́tùn-ún ni fóòmù ti ń hó. Àpò kan ṣoṣo ló lu.

Ẹ̀yin náà lè ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí fúnra yín. Ní alẹ́, ẹ fi téèpù wọn ibi tí àárín táyà wà dé etí irin tó wà lókè rẹ̀, ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ tún un wọ̀n láàárọ̀. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àpò ẹsẹ̀ yẹn máa lu. Bí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá jọ wálẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ àpótí fáàfù tó ń pín afẹ́fẹ́ wò. Bí ọkọ̀ kò bá gbéra rárá tí ẹ kò sì gbọ́ ohùn kọnpurẹ́sọ̀, ẹ yẹ fíùsì àti rìléè rẹ̀ wò kí ẹ tó ra òmíràn.

Ẹ gbọ́ o: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ irú ọkọ̀ yìí lórí jáàkì nìkan. Afẹ́fẹ́ lè jáde lójijì, kí ọkọ̀ sì jókòó lé èèyàn lórí. Irin ìdúró tó lágbára ni kí wọ́n fi gbé e.

Ó wá ku búréèkì ọwọ́. Nígbà tí bàbá gba bátìrì sí iná tó sì yó, àmì pupa náà kú. Inú wa dùn, àmọ́ bàbá rẹ́rìn-ín. "Pé iná ti kú kò sọ pé búréèkì ń di ọkọ̀ mú." Ó gbé ọkọ̀ lọ sí ibi gbalasa tí kò séèyàn níwájú àti lẹ́yìn. Ó tẹ búréèkì ẹsẹ̀, ó ti búréèkì ọwọ́, ó fi jíà sí D, ó wá rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò láìtẹ tọ́tù. Ọkọ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

A gbọ́ ohùn mọ́tò rẹ̀, nítorí náà mọ́tò ń ṣiṣẹ́. Bí a kò bá gbọ́ ohùn ni à bá máa wá fíùsì, bọ́tìnnì tàbí mọ́tò. Bí mọ́tò bá dún tí ọkọ̀ kò dúró, okùn irin tàbí búréèkì ṣúù ni kí ẹ yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìpẹtà ti mú ṣúù apá kan gan pa. Afẹ́fẹ́ òkun oníyọ̀ àti omi àgbàrá Kutọnu ló ṣe é. Ní ti ọkọ̀ tí mọ́tò rẹ̀ wà lára búréèkì gan-an, bíi ti Audi A8 yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá ti písítìnnì rẹ̀ wọlé nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ páàdì. Skáànà ni wọ́n fi ń ṣí i.

Ìdí tí a kò fi tètè mọ̀ ni pé ilẹ̀ Kutọnu tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tí a bá gbé ọkọ̀ sí náà ló máa wà, jíà P nìkan ló ń dì í mú. Ṣùgbọ́n ìlú òkè 41 ni Ìdáàṣà, nǹkan bí kìlómítà 200 sí wa, àwọn ọmọdé á sì kún ojúde ilé òkú. Ká ní a ti fọkàn tán iná tó kú yẹn!

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń ṣòwò ọkọ̀ tòkunbọ̀ pẹ̀lú. Ìwádìí àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè lórí àyíká, tó jáde ní 2020, sọ pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ti lò ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló sì wá sí Áfíríkà. Láti oṣù kìíní 2017 ni Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì pẹ́ nínú páàkì. Ọkọ̀ tó bá pẹ́ ní ìdúró, rọ́bà rẹ̀ á gbẹ, bátìrì rẹ̀ á kú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó jẹ́ kí ọkọ̀ náà sùn mọ́jú láìtan án, kí ẹ sì padà wá wò ó láàárọ̀.

Àpò kan ni a rà, wọ́n tún búréèkì ẹ̀yìn ṣe, owó náà kò tó ìdá mẹ́rin ohun tí ẹni àkọ́kọ́ dárúkọ. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ wa dúró ní ẹ̀gbẹ́ òkè Ìdáàṣà, kò mira. A sì tún fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn rẹ̀.