Funfun Inú Ọmọlójú Ọmọdé

Ojú lọba ara. Bí ìyá bá rí funfun tí ń dán bí ojú ológbò lóru nínú ọmọlójú ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5, kí ó má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ẹyinjú, àrùn tí ó ṣọ̀wọ́n, tí kì í sábà dun ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àgbo kò lè wò ó sàn. Bí a bá ń dúró, yóò gba iṣan ojú lọ sí ọpọlọ, yóò sì pa ọmọ. Kí a tètè gbé e tọ oníṣègùn ojú lọ, kí ó fi iná wo inú ẹyinjú náà. Bí a bá tètè mọ̀ ọ́n, oògùn lè gba ojú là. Bí ó bá ti gbilẹ̀, yíyọ ẹyinjú ni yóò gba ẹ̀mí là. Kí òbí má ṣe kọ̀ ọ́: ojú kan tó fún ọmọ láti fi kàwé.