Ta Ni Onígbọ̀wọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Orí Fóònù àti Ahọ́n Wa



Kò sí ọmọ Kamina tí ẹnikẹ́ni ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ pé ọ̀rọ̀ lè gba ojú òfuurufú kọjá. Láti 1911 ni ilé iṣẹ́ Telefunken ti ilẹ̀ Jámánì ti ń kọ́ ilé ẹ̀rọ ńlá sí ìhín, lábẹ́ ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Anton Codelli. Nígbà tí yóò fi di àárín 1914, Kamina àti Nauen, tí ó wà lẹ́bàá Berlin, ti ń gbúròó ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ó wà láàárín wọn lé ní 5,000 kìlómítà. Ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù kẹjọ 1914, àwọn ará Jámánì fi ọwọ́ ara wọn ba ilé ẹ̀rọ náà jẹ́, kí ó má baà bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwókù rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń wò.

Ìdí tí a fi mú èyí wá ni pé àwọn kan rò pé àìmọ ẹ̀rọ ni ó ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn pàdánù owó lórí fóònù. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé a lè fi fóònù san owó. Òótọ́ ni pé ọgbọ́n àtọwọ́dá wà. Òótọ́ sì ni pé Bitcoin wà, tí àwọn kan ń jèrè nínú rẹ̀ tí àwọn mìíràn ń pàdánù. Ẹni tí ó fẹ́ tan ènìyàn jẹ kì í gbé irọ́ rẹ̀ ka orí irọ́, orí òótọ́ ni ó ń gbé e kà. Ènìyàn ni ó ń purọ́ fún ènìyàn, ẹnu ni ó sì fi ń ṣe é. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ni a fẹ́ sọ lónìí ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kẹrin 2025. Àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní CBEX ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ọgbọ́n àtọwọ́dá ni yóò máa bá wọn ṣòwò, àti pé owó tí wọ́n bá fi sílẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. Nínú àwọn ẹgbẹ́ orí Telegram àti WhatsApp ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ràn bí iná inú ọyẹ́. Lójijì, owó kò ṣeé gbà mọ́. Wọ́n ti ẹgbẹ́ Telegram náà pa, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún ní kí ẹni tí owó rẹ̀ ju 1,000 dọ́là lọ san 200 dọ́là, kí ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ san 100 dọ́là, kí àwọn lè mọ̀ pé oníǹkan gidi ni. Ẹ ò rí ìgboyà! Ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n sì kó ẹrù tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ. Àga ọ́fíìsì mélòó ni ènìyàn yóò tà kí ó tó rí owó ilé rẹ̀ gbà padà? Àjọ SEC, tí ń ṣọ́ irú òwò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, sọ pé àwọn kò fún CBEX ní ìwé àṣẹ.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. MMM tí Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, dá sílẹ̀ ti fọ́ mọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà lórí ní 1994. Ó dé Nàìjíríà ní 2015, ó ń ṣèlérí 30 lórí 100 lóṣooṣù. Ní oṣù kejìlá 2016, nígbà tí Kérésìmesì kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ní Benin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín, ICC Services fọ́ ní 2010. Àwọn tí ó kó owó sí i lé ní 100,000 ènìyàn, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé sì bá a lọ kúrò lórí àga rẹ̀. Nígbà náà, kò sí WhatsApp lọ́wọ́ àwọn ará oko. Aládùúgbò ni ó ń sọ fún aládùúgbò.

Ẹ mú ìwé àti kálàmù. Bí 10,000 fránkì bá ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, yóò di 20,000, yóò di 40,000. Ní òpin oṣù kejìlá yóò ti di 40,960,000. Kódà 30 lórí 100 ti MMM yóò sọ 10,000 náà di nǹkan bí 233,000 ní ọdún kan. Kọfí wo, kòkó wo, ni ó mú irú èrè yìí wá rí ní gbogbo agbègbè Atakpamé? Owó àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ń bù fún àwọn tí ó ṣáájú. Bí àwọn tí ń bọ̀ bá ti dín kù, odò ti gbẹ nìyẹn.

Àwa náà ní àjọ tiwa, tí àwọn tí ó kàwé Faransé ń pè ní tontine. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá 1,000 fránkì lọ́sẹ̀, ẹni tí ó kàn yóò kó 10,000. Ohun tí a dá ni a ó kó, kò sí idán níbẹ̀. A mọ ilé olórí àjọ, a mọ ìyá tí ó bí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa ni pé ẹni tí ó bá mú àlejò wọ inú àjọ ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí àlejò bá kó owó tán tí ó sá lọ, ilé ẹni tí ó mú un wá ni gbogbo wa yóò gbà lọ. Nítorí náà, kí ènìyàn tó lanu pé "mo mọ̀ ọ́n", yóò ti ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn òwò orí fóònù wọ̀nyí yí èyí sódì. Ẹni tí ó mú ọ wọlé kì í ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ, èrè ni ó ń jẹ lórí rẹ. MMM ń san 10 lórí 100 fún ẹni tí ó bá mú ẹlòmíràn wá. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ó sì yẹ kí á rántí pé nínú katikísìmù, kì í ṣe òfin keje nìkan ni ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó ń fi àwòrán owó tí kò gbà rí han àwọn ènìyàn kí wọ́n lè wọlé, òfin kẹjọ ń bá a wí, ì báà jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò jí fránkì kan.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo bí a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹnì kan á béèrè nínú ẹgbẹ́ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ni iṣẹ́ yìí? Níbo ni ìwé àṣẹ rẹ̀ wà?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ sì ni ó fi béèrè. Kíá, wọn á dà á bò: ọ̀tá ìlọsíwájú, elénìní, òṣì ti mọ́ ọ lára. Ọmọ ogún ọdún á máa bú ẹni tí ó tó bàbá rẹ̀, èyí tí kò lè dán wò láéláé lójúkorojú ní gbàgede. Lẹ́yìn náà, wọn á yọ onítọ̀hún kúrò nínú ẹgbẹ́. Lójú tiwa, èyí ju ìwé àṣẹ tí kò sí lọ gẹ́gẹ́ bí àmì. Òwò tí ó dúró ṣinṣin kì í bínú sí ìbéèrè. Lọ́dọ̀ wa ní Togo, BCEAO ní orúkọ àwọn báńkì àti àwọn ilé owó kéékèèké tí ó ní àṣẹ láti gba owó lọ́wọ́ wa. AMF-UMOA ní Abidjan ni ó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò. Ẹni tí ó bá ní àṣẹ wọn kò ní bú ọ kí ó tó fi hàn ọ́.

Ṣùgbọ́n àwa tí a béèrè ìbéèrè náà kò mọ́ tán. Bí ilé bá wó, àwa ni a kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. "Ṣebí mo sọ!" "Ojúkòkòrò ni!" Wọ́n ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Báwo ni yóò ṣe kọ́ wa, nígbà tí a kò jẹ́ kí ó sọ bí òun ti ṣe jìn sí i?

Ìdílé kan wà tí a mọ̀, a kò ní dárúkọ wọn. Ìyá náà fi owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ sínú ọ̀kan nínú àwọn òwò wọ̀nyí, nítorí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó sọ fún un. Owó náà lọ. Oṣù mélòó kan ni kò fi lè sọ fún ọkọ rẹ̀, torí pé ó ti gbọ́ bí ọkọ náà ti ń fi àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ. Ó ń yá owó lábẹ́lẹ̀ kí ó lè bo àṣírí, gbèsè náà sì ń wú. Ẹ kò ní gbọ́ lẹ́nu wa pé ìyá náà kò ní ẹ̀bi tirẹ̀. Àgbàlagbà ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi tẹ nọ́ńbà àṣírí fóònù rẹ̀. Ọkọ ní tirẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n náà sì ní tirẹ̀.

Ọmọkùnrin yìí, ọ̀kadà ni ó ń gùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fọ́ síta, gbogbo àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pa nọ́ńbà wọn dà. Òun lọ sí ilé náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, òun àti ìyá rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "èmi náà pàdánù", bẹ́ẹ̀ ó pàdánù. Ó ní, "Ìyá mi, èmi ni mo mú yín wọ̀ ọ́." Ó ní òun yóò máa mú 5,000 fránkì wá lóṣooṣù títí ọmọ yóò fi padà sí kíláàsì. Ọkọ náà wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó béèrè iye tí ó jẹ gbogbo àwọn tí ó yá a lówó, ó sì mú ìwé kan, ó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.