Kí ló dé tí ekùrọ́ fi ń ṣáájú ayé nínú FreeBSD?

Kernel ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ekùrọ́. Orúkọ yẹn náà ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fún ohun tó wà nínú lọ́hùn-ún nínú ètò tó ń darí ẹ̀rọ. Òun ló ń pín ìrántí ẹ̀rọ fún ètò kọ̀ọ̀kan, òun ló ń bá díìsì sọ̀rọ̀, òun ló sì ń pinnu ẹni tí iṣẹ́ kàn. Àwọn àṣẹ tí à ń tẹ̀, àwọn láíbùrárì àti àwọn irinṣẹ́ kéékèèké tó yí i ká ni wọ́n ń pè ní userland. Àwọn tó ń lo FreeBSD, ọ̀kan lára àwọn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, tún ní orúkọ mìíràn fún un. “World” ni tiwọn, ìyẹn ayé.

Ekùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ekùrọ́ àti ayé rí nínú FreeBSD. Ní 1991, ekùrọ́ nìkan ni Linus Torvalds gbé jáde nígbà tó dá Linux sílẹ̀. Àwọn ẹlòmíì bíi Debian ló ń wá ìyókù kó jọ yí i ká. FreeBSD, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993 láti ara iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe lórí Unix ní Yunifásítì California ní Berkeley, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwọn ènìyàn kan náà ni ekùrọ́ àti ayé wà, source code wọn, ìyẹn ohun tí àwọn olùkọ ètò fọwọ́ kọ, sì jọ wà nínú fódà kan, /usr/src. Ẹnikẹ́ni ló lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì fi tún gbogbo ètò ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe láti ìpìlẹ̀. Ara FreeBSD yìí ni Sony ti yọ ètò tó wà nínú PlayStation 4, òun náà ló sì wà lórí àwọn ẹ̀rọ tí Netflix fi ń gbé fíìmù dé ilé oníbàárà.

Source code dà bí ẹ̀wà tí a kò tíì lọ̀. Compiler ni ọlọ. Àṣẹ àkọ́kọ́, make buildworld, máa ń kọ́kọ́ ṣe ọlọ tuntun bó bá nílò rẹ̀, kó tó wá lọ ayé; ìdí nìyẹn tí buildkernel fi ń tẹ̀ lé e, kí ekùrọ́ lè kúnná lórí ọlọ tuntun yẹn. Ó lè gba wákàtí púpọ̀ lórí ẹ̀rọ tí kò lágbára. Inú /usr/obj ni gbogbo ohun tó lọ̀ ń wà, kò tíì kan ètò tí ẹ ń lò. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì níbi tẹ́ ẹ dé yìí, àkókò nìkan lẹ pàdánù.

Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e wọlé ni èyí tó ń ṣáájú yí padà: ekùrọ́ kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú make installkernel, ẹ ó pa ẹ̀rọ, ẹ ó tún un tàn, lẹ́yìn náà ni installworld. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ fo títàn àárín yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2017 ló fi ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fò ó hàn jù. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà, inode, tí ekùrọ́ fi ń dá a mọ̀. Bíìtì 32 ni nọ́ńbà náà tẹ́lẹ̀, kò sì lè kọjá nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.29. FreeBSD sọ ọ́ di bíìtì 64, bí ekùrọ́ ṣe ń dáhùn ìbéèrè nípa fáìlì sì yí padà. Ekùrọ́ tuntun gbọ́ èdè àtijọ́, nítorí wọ́n fi apá kan tí wọ́n ń pè ní COMPAT_FREEBSD11 sí i nínú. Ekùrọ́ àtijọ́ kò gbọ́ èdè tuntun ní tirẹ̀. Bí ètò kan bá béèrè iṣẹ́ tí kò mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, “Bad system call” ló máa kọ, á sì pa ètò náà. Nínú fáìlì UPDATING, wọ́n kìlọ̀ pé kí ẹni tó bá ṣe ekùrọ́ tirẹ̀ má ṣe yọ COMPAT_FREEBSD11 kúrò, àti pé dandan ni kí a tún ẹ̀rọ tàn kí ayé tuntun tó wọlé.

Títàn yẹn tún jẹ́ ìdánwò. Bí ekùrọ́ tuntun bá kọ̀ láti jí, ti àtijọ́ ṣì wà nínú /boot/kernel.old, ẹ sì lè yàn án nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí. Ayé kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo ètò fáìlì ZFS lè fi àṣẹ bectl ṣe ẹ̀dà gbogbo ètò náà ṣáájú. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tí díìsì rẹ̀ gbà á fi í ṣeré.

Ó ku iṣẹ́ ìgbálẹ̀. Etcupdate ń so àtúnṣe tuntun pọ̀ mọ́ èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe nínú /etc. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó bá bi yín. Make delete-old ń kó fáìlì tí kò wúlò mọ́ dànù. Àmọ́ ẹ má tíì kan delete-old-libs àfi tí ẹ bá ti tún àwọn ètò mìíràn tó ń lo àwọn láíbùrárì àtijọ́ náà ṣe.

Kí n sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò nílò wàhálà yìí: freebsd-update ń gbé èyí tí wọ́n ti lọ̀ kalẹ̀ wá fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ yọ apá kan kúrò, tó fẹ́ yí nǹkan padà nínú ekùrọ́, tàbí tó fẹ́ lo iṣẹ́ tí wọn kò tíì gbé jáde ló ni ọ̀nà yìí. Bí ẹ bá wà lára wọn, orí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kò sí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ka UPDATING tán kí ẹ tó tẹ àṣẹ kankan.