Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé ìjọba Nàìjíríà ní ẹ̀sìn?

Rárá, kò ní. Abala 10 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ti ìjọba. Abala 38 fún kálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú, kódà láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ilé ìwé wà lára ibi tí ìjà lórí òfin yìí ti ń le. Ìjọba Èkó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin má lo híjáàbù mọ́ aṣọ ilé ìwé ìjọba. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́, ó sì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láre. Lójú tèmi, ìdájọ́ náà tọ́. Ọmọ tó fi híjáàbù borí kò sọ ilé ìwé di mọ́sálásí. Ìjọba ni òfin ní kó má gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn kankan, kì í ṣe ọmọléèwé.

Owó ìlú ló ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti fi rán èèyàn lọ sí Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù, bẹ́ẹ̀ oníṣẹ̀ṣe náà ń san owó orí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó fi owó ara rẹ̀ lọ.