Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àgbà tó fẹ̀yìntì, tó ṣì ń wá ẹni tó sọnù sígbó

Ní ìlú méje Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà ìlú ìbejì títí dé Èrúwà, bí ẹni tó lọ sóko kò bá padà wálé tí ilẹ̀ sì ṣú, àwọn ọdẹ la kọ́kọ́ ń ké sí, àárín wọn la sì ti ń rí àgbà tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó ń ro oko ẹ̀gẹ́ lówùúrọ̀, tó ń ta ayò nírọ̀lẹ́, tí kì í sì í gba kọ́bọ̀ láti wá ọmọ ọlọ́mọ.

Àwọn ọdẹ náà a tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn a fọn fèrè, wọn a dákẹ́ láti gbọ́ èsì. Bí ìrì bá ti gbọ̀n kúrò lára koríko kan, tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti kọjá níbẹ̀. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ ń bẹ lábẹ́ ewé.

Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti kọlu Ìgàngàn, ọ̀kan nínú ìlú Ìbàràpá, lóru ní oṣù Òkúdù 2021, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá wọ igbó. Ẹ kọ́kọ́ fi tó ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn létí, èyí tí wọ́n fi lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020.

Ẹ̀yin tí orúnkún yín kò gba igbó mọ́, ẹ jókòó ti fóònù, kí ẹ máa kọ orúkọ ẹni tó wọgbó àti ẹni tó jáde.