Kí omi má bàa máa jò nínú páìpù ẹ̀fọ́

Ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ sínú páìpù dípò ilẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú kéré omi tó ń jò. Bí lítà 1 bá ń jò dànù ní wákàtí kan, lítà 24 omi ajílẹ̀ ló ń ṣòfò lójúmọ́. Bí omi bá sì tán nínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ tó ń fà á lè jóná, ẹ̀fọ́ á sì rọ.

Kí wọ́n tó lẹ páìpù, kí wọ́n fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù páìpù pa ojú méjèèjì. Ibi tó bá jẹ́ lílọ́, téèpù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń lò ni kí wọ́n wé mọ́ ọn. Lẹ́yìn wákàtí 24, omi lásán ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, kí wọ́n tó po ajílẹ̀ sí i.